Eruku Tí Ilẹ̀ Funfun Ń Fi Pamọ́ fún Sátẹ́láìtì

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé afẹ́fẹ́ ìlú kan ní Nàìjíríà ti dọ̀tí kọjá ààlà, ó yẹ ká béèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n àti ibi tó dúró sí tó fi wọ̀n ọ́n. Ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹgbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, ẹ̀rọ tó ń wọn eruku inú afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́ ṣọ̀wọ́n bí ojú. Òkè réré ni púpọ̀ nínú iye tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò fún irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Sátẹ́láìtì tó ń yí ayé po ló ń wo ilẹ̀ wa láti nǹkan bí 705 kílómítà, kọ̀ǹpútà á wá fi ohun tó rí ṣírò bí eruku ṣe pọ̀ tó. Iṣẹ́ ribiribi ni, mi ò sì ní bù ú kù. Àmọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ eruku náà lọ́wọ́ nínú iye tí sátẹ́láìtì ń sọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́lẹ̀ sí i ni iye ọ̀hún ń di ìfojúdá sí i, débi pé ní agbègbè bí Adégbayì, tí oko ń di òrùlé lọ́dọọdún, a ò lè fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sílẹ̀ fún sátẹ́láìtì nìkan.

Ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní aerosol kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé ìhà ọ̀dọ̀ wa láti oṣù Bélú títí wọ Ẹrẹ́nà. Òun ni gbogbo nǹkan wínníwínní tó léfòó nínú afẹ́fẹ́: eruku, èéfín igbó tí wọ́n sun, èéfín mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, iyọ̀ tí ìgbì òkun fọ́n sókè. Lọ́dọ̀ tiwa, eruku ọyẹ́ ló borí gbogbo wọn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé wá, ilẹ̀ títẹ́jú kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, láàárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ ni, Adágún Chad tòde òní sì jẹ́ ìyókù adágún náà. Ìkarahun àwọn ewéko inú omi tí ojú lásán ò lè rí ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ilẹ̀ náà funfun, ó fúyẹ́, atẹ́gùn líle tó ń gba àárín òkè méjèèjì kọjá sì ń gbá a sókè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti dé orí láfún tí àwọn ìyá sá sórí àpáta àti etí títì ní Lágelú. Ibi tí eruku ti ń tú jáde jù lọ láyé gan-an nìyí, ilẹ̀ rẹ̀ sì funfun, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ funfun ni sátẹ́láìtì kì í ríran dáadáa lórí rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ju pé sátẹ́láìtì kò lè fọwọ́ kan eruku lọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà nìkan ló ń gbà. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ yìí bá wọlé wá, díẹ̀ nínú rẹ̀ á kan eruku á sì ta padà sókè, èyí tó kù á balẹ̀, ilẹ̀ náà á ta tirẹ̀ padà. Àpapọ̀ méjèèjì ló ń dé ojú ẹ̀rọ, kò sì sí àmì lára rẹ̀ tó sọ pé èyí ti ọ̀dọ̀ eruku wá, èyí ti ọ̀dọ̀ ilẹ̀ wá. Bí ìyẹ̀fun bá dà sórí aṣọ dúdú, ọmọdé á rí i. Bó bá dà sórí léèsì funfun, àgbà á fojú wá a. Igbó tútù àti oko tó kún fún ewé máa ń dúdú lójú sátẹ́láìtì, torí pé ewé ń fa ìmọ́lẹ̀ búlúù àti pupa mu láti fi ṣe oúnjẹ rẹ̀. Kì í ju nǹkan bí ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó ń ta padà. Iyanrìn aṣálẹ̀ lè ta ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ pupa padà. Eruku tí kò pọ̀, nǹkan bí ìdá 1 ni yóò fi kún un, ta ni yóò sì mọ ìdá 1 yẹn yàtọ̀ lórí 30?

Àwọn onímọ̀ ní òǹkà tí wọ́n fi ń sọ bí eruku ṣe ki tó láti ilẹ̀ dé òkè ọ̀run. Bí ó bá jẹ́ 0, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1, tí oòrùn sì wà ní àtàrí gan-an, nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ tààrà ni eruku máa jẹ́ kó balẹ̀. Bó bá di 2, kò ní ju ìdá 14 lọ. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, òǹkà yìí ń kọjá 1; lẹ́yìn òjò tó fọ ojú ọ̀run mọ́, ó lè wálẹ̀ sí 0.2. Gbogbo onímọ̀ iṣẹ́ yìí ló mọ ìṣirò kan tó ń kó ìrònú báni: bí a bá fi ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ṣi ìtànpadà ilẹ̀ wọ̀n, òǹkà eruku á fi nǹkan bí 0.1 yẹ̀. Lọ́jọ́ tí eruku jẹ́ 0.2, ìdajì òótọ́ ti lọ nìyẹn.

Láti yẹra fún ìṣòro yìí, ọ̀nà tí Yoram Kaufman, Didier Tanré àti àwọn akẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1997 ni pé kí a máa wo ilẹ̀ dúdú nìkan. Dark Target ni wọ́n ń pè é, òun sì ni NASA ń lò lórí ẹ̀rọ MODIS tó wà lára sátẹ́láìtì Terra, tó gbéra ní December 1999, àti Aqua, tó gbéra ní May 2002. Ó ń lo ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú èèyàn ò lè rí, tí èéfín kéré ju kó dí i lọ́nà lọ. Ìmọ́lẹ̀ yẹn á fi bí ilẹ̀ ṣe rí hàn án, á sì ti ibẹ̀ ṣírò bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ náà rí nínú búlúù àti pupa. Ohun tó bá lé lórí ìyẹn, ti eruku ni. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ eruku ọyẹ́ tóbi ju èéfín lọ, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yìí kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ wo bó ṣe ń ṣa ilẹ̀ tó máa lò. Lórí àpótí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ kílómítà 10 níbùú lóòró, ègé 400 ló ń wò. Ó ń kọ́kọ́ yọ ibi tí ìkùukùu bò, omi, àti ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe lè gbà. Nínú èyí tó kù, ó tún ń da ìdajì tó mọ́lẹ̀ jù nù, àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣókùnkùn jù. Bí ègé 400 bá tiẹ̀ yè pátá, 120 péré ló máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo àpótí. Láti mọ bí àpótí náà ṣe tóbi tó, ilẹ̀ IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Akínyẹlé, tó fẹ̀ tó 1,000 hẹ́kítà pẹ̀lú igbó tí wọ́n dá sí nínú rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni.

Ẹ wá wo Adégbayì, lójú ọ̀nà tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Páànù tuntun ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Ilẹ̀ pupa tí katapílà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wà níbẹ̀, òkìtì yanrìn wà níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, lẹ́yìn ìyẹn ọ̀pẹ àti igbó ìjù. Bí ètò tí mo ṣàlàyé yìí bá dé orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tí èèyàn ń gbé ló máa kọ́kọ́ dànù, torí pé òun ló mọ́lẹ̀ jù. Oko àti igbó ni yóò kù láti jẹ́rìí. Ẹnì kan lè sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé eruku kì í mọ ààlà, èyí tó wà lórí oko náà ló wà lórí ilé. Òótọ́ ni bó bá jẹ́ eruku ọyẹ́, tó máa ń bo ìpínlẹ̀ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe òótọ́ bó bá jẹ́ èéfín ààtàn tó ń jó, ti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ti ilé tí wọ́n ti ń yan gàrí, tàbí ti ọkọ̀ tó tò jọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójú títì. Ìwọ̀nyí kì í rìn jìnnà kí wọ́n tó fọ́nká, àárín àwọn òrùlé tí ètò náà dà nù ni wọ́n sì wà. Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n jù ni kì í hàn nínú ìṣirò.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ìlú ńlá. Ní 2016, Pawan Gupta àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Dark Target máa ń bu eruku lé orí ìlú ju bó ṣe wà gan-an lọ, torí pé ó ń ka ìmọ́lẹ̀ kọnkéré àti òrùlé mọ́ eruku, wọ́n sì ṣe àtúnṣe tó ń fi bí ilé ṣe pọ̀ sí níbì kan ṣírò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Inú mi dùn sí àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n òrùlé tiwọn kò jọ tiwa, ìgbà tiwọn kò sì jọ ìgbà tiwa. Ní Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà, ilẹ̀ kan náà tó dúdú fún ewé ní July, á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní January, nígbà tí koríko ti gbẹ tí àgbàdo sì ti kúrò lóko. Bí wọ́n bá dáná sun oko náà, á di dúdú fún eérú lọ́jọ́ kejì. January kan náà ni ọyẹ́ ń mú jù. Ìgbà tí eruku pọ̀ jù gan-an ni ilẹ̀ mọ́lẹ̀ jù.

Èéfín tún mú ìṣòro tirẹ̀ wá. Robert Fraser àti Kaufman ti ṣàlàyé ní 1985 pé ìwọ̀n ìtànpadà ilẹ̀ kan wà tí aerosol kì í yí nǹkan kan padà lórí rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó dúdú jù bẹ́ẹ̀, èéfín á mú kí àwòrán náà mọ́lẹ̀ sí i. Lórí ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, èéfín tó ń fa ìmọ́lẹ̀ mu á mú kó ṣókùnkùn. Ní agbede méjì, ohun tó fi kún un àti ohun tó yọ kúrò dọ́gba, sátẹ́láìtì á sì wo èéfín tó ń fa ikọ́ fún èèyàn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ mọ́ lóló. Bí èéfín bá ṣe dúdú tó ló ń sọ ibi tí agbede méjì yìí bọ́ sí, èéfín igbó sì yàtọ̀ sí ti jẹnẹrétọ̀.

Àtakò tó lágbára jù sí ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n ti borí ìṣòro ilẹ̀ funfun. Òdodo wà nínú rẹ̀. Ní 2004, Christina Hsu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibùdó Goddard ti NASA gbé Deep Blue jáde. Wọ́n kíyè sí i pé iyanrìn tó ń tàn yòò nínú pupa kì í tàn tó bẹ́ẹ̀ nínú búlúù tó jinlẹ̀ jù, wọ́n bá ń ti ibẹ̀ wò ó, wọ́n sì ń fi ohun tó hàn wé àkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe máa ń rí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Òun ló jẹ́ kí àwòrán eruku Sahara, tó jẹ́ àlàfo lásán tẹ́lẹ̀, kún. Ẹ̀rọ MISR, tó wà lórí Terra, ní kámẹ́rà 9: ọ̀kan ń wo ìsàlẹ̀ tààrà, mẹ́rin ń wo iwájú, mẹ́rin ń wo ẹ̀yìn. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 7, gbogbo wọn á ti wo ibì kan náà. Bí wọ́n bá fì sí ẹ̀gbẹ́ wò ó, eruku tí wọ́n ń wò gbà kọjá á nípọn sí i, á sì hàn yàtọ̀ sí ilẹ̀. Alexei Lyapustin ṣe MAIAC, tó ń wo ègé kílómítà 1 fún ọjọ́ tó lè tó 16, tó sì gbà pé ilẹ̀ kì í tètè yí padà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí. Mi ò mọ ẹni tó lè wo iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò ní kan sáárá sí wọn.

Àmọ́ kò sí èyí tí kò gbára lé ohun kan nípa ilẹ̀. Ilẹ̀ pupa tiwa bá Deep Blue lára mu, torí pé irin tó pọ́n ọn ń fa búlúù mu. Páànù alumíníọ̀mù tuntun kò rí bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń ta pupa padà náà ló ń ta búlúù padà. Àkọsílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe rí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn kò lè mọ̀ pé oko ẹ̀gẹ́ tó wà níbẹ̀ ti di àdúgbò. MAIAC ń tún tirẹ̀ ṣe lóòrèkóòrè, ìyẹn dára, àmọ́ ó nílò ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, bẹ́ẹ̀ eruku ọyẹ́ lè jókòó síbì kan fún ọjọ́ púpọ̀, ìkùukùu sì ń bò wá lóṣù òjò. Nígbà ìwádìí DACCIWA ní June àti July 2016, ìkùukùu tó sún mọ́ ilẹ̀ yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ sí Ilé-Ifẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin àti Kumasi ní Ghana láti wò. MISR ní tirẹ̀ ń ya ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 380 kílómítà lẹ́ẹ̀kan, ó lè tó ọjọ́ 9 kó tó padà sí ibi kan ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Eruku tó dé lọ́jọ́ Ajé tó sì lọ lọ́jọ́bọ̀ lè má bọ́ sí ojú rẹ̀ rárá.

Wọ́n tún lè ní àṣìṣe náà kò tó nǹkan. Ìwọ̀n tí àwọn tó ṣe Dark Target fúnra wọn gbà ni 0.05, àti ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó wà níbẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òǹkà wọn ló sì yẹ kó wà láàárín rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí eruku jẹ́ 1, àṣìṣe lè tó 0.20, ìyẹn ìdá 20. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí ojú lásán ti rí i pé ọyẹ́ mú, àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ á sì ti kéde rẹ̀ fún àwọn awakọ̀ òfurufú. Lọ́jọ́ tí ó jẹ́ 0.2, àṣìṣe náà lè tó 0.08, ìyẹn ìdá 40. Irú ọjọ́ tí ojú ò rí nǹkan kan yẹn gan-an la nílò ẹ̀rọ fún.

Ìṣirò míì tún wà lẹ́yìn èyí. Iye láti ilẹ̀ dé òkè ni sátẹ́láìtì ń mú wá, ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwa sì ti ń mí. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò ni PM2.5, ìwúwo àwọn ègé tí kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Ní 2021, àjọ náà dín ìwọ̀n tó yẹ kéèyàn máa mí lọ́dún kù láti 10 sí 5 máíkírógíráàmù nínú afẹ́fẹ́ tó kún mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Láti mú òǹkà sátẹ́láìtì di PM2.5, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ìpele tí eruku wà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fò lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní January àti February 2006, ohun tí wọ́n rí léraléra ni eruku aṣálẹ̀ nísàlẹ̀, èéfín igbó lókè rẹ̀. Sátẹ́láìtì CALIPSO, tó gbéra lóṣù April ọdún 2006, máa ń tan iná tirẹ̀ sísàlẹ̀ láti mọ irú ìpele bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ funfun kò sì dí i lọ́wọ́ tó àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tóóró ló ń wò, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní 2023. Àṣìṣe lórí ilẹ̀ á wá gun àṣìṣe lórí ìpele, kí iye tó dé inú ìròyìn bí ohun tó dá wa lójú.

Ẹlẹ́rìí tí kì í wo ilẹ̀ rárá wà, kò sì jìnnà sí wa. Ní 1994 ni Rachel Pinker ti Yunifásítì Maryland, pẹ̀lú G. Idemudia àti T. O. Aro, tẹ ìwádìí wọn lórí kíki eruku ọyẹ́ jáde; láti 1998 ni ẹ̀rọ AERONET sì ti wà ní Yunifásítì Ìlọrin, nǹkan bí 150 kílómítà sí Ìbàdàn. Ohun èlò náà kéré: ọ̀pá oníhò méjì lórí apá tó ń yí fúnra rẹ̀, tó ń tẹ̀ lé oòrùn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí páànẹ́lì oòrùn sì ń gba agbára sí bátìrì rẹ̀. Ó ń wo oòrùn ní ojúkojú, ó ń ka bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe dín kù tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ funfun tàbí dúdú. Àṣìṣe rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.01 sí 0.02 lọ. Irú ẹ̀rọ yìí ni gbogbo ètò sátẹ́láìtì ń wá gba ẹ̀rí lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló wà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwòrán ìhà ọ̀dọ̀ wa pọ̀ jaburata lójú sátẹ́láìtì, ẹlẹ́rìí tó lè sọ èyí tó tọ̀nà nínú wọn ni kò pọ̀.

Wọn á ní ẹ̀rọ náà wọ́n, pé iná ò sí, pé àwọn ẹ̀rọ PM2.5 olówó pọ́ọ́kú ti wà. Agbára oòrùn ló ń lò, ọ̀rọ̀ iná kò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú wúlò, mo sì fẹ́ kó pọ̀ ní ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, àmọ́ èéfín ló mọ̀ ọ́n wọ̀n jù. Eruku ọyẹ́ tóbi, ó máa ń kà á kù. Ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ṣe é fọkàn tán fún sáà kan ká tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ohun tí mo rò pé ó lè yanjú ọ̀ràn náà fún agbègbè yìí kò pọ̀: ẹ̀rọ méjì tó ń wo oòrùn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó IITA ní Akínyẹlé, ọ̀kan láàárín àwọn òrùlé Adégbayì, tí kò jìnnà tó 20 kílómítà síra wọn, àti ẹ̀rọ PM2.5 kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wà níbẹ̀ láti oṣù ọyẹ́ dé oṣù òjò, kí a sì máa fi ohun tí wọ́n kà wé ohun tí sátẹ́láìtì kà nígbà tó ń kọjá lórí wọn lọ́sàn-án. Bí àwọn méjèèjì bá bá ara wọn mu lórí ilẹ̀, tí iye tí sátẹ́láìtì sọ fún Adégbayì wá yàtọ̀ sí ti Akínyẹlé, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ti eruku; páànù àti ilẹ̀ pupa ló ni ín, a ó sì mọ iye tó yẹ ká yọ kúrò.